Ibi Tí Fíìmù Ti Já

Tọ́rọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọdé
ní sinimá ẹ̀yìn Kánpọ́ọ̀sì,
níbi tí ògiri funfun kan ti jẹ́ gbogbo ayé.
Bẹ́ǹṣì onígi, ìdun nínú bẹ́ǹṣì,
òórùn ẹ̀pà sísun àti ìtọ̀ ológbò.
Ojú ọ̀run gbalasa lórí wa:
bí òjò bá dé, owó ti lọ nìyẹn.

Fíìmù kan ṣoṣo ni Bọ̀dá Pọlikáápù ní fún àwa ọmọdé.
Ó ti gbó kí ó tó dé Èkó.
Wọ́n ní inú ìwé ọmọ òyìnbó ni wọ́n ti yọ ọ́:
ọmọbìnrin kan kó sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí ìyá rẹ̀,
ó yọ sí ìlú tí wọ́n ti ń fi òṣùwọ̀n ta òṣùpá,
tí pẹ́pẹ́yẹ oníbàtà ń ṣe akọ̀wé ọba,
tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ kọrin.

Ìyá wa àgbà bá wa lọ lẹ́ẹ̀kan.
Ó ní, "Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ,
kí ló dé tí kò kúkú béèrè omi,
tó ń na apá, tó ń yí bí òkòtó?"
Kò padà lọ mọ́.
Ṣùgbọ́n orin pẹ́pẹ́yẹ yẹn,
mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nídìí iná.

Fíìmù náà a máa já.
Ibì kan náà ni í sì máa já:
ọmọ náà dúró lẹ́nu odi ìlú, ilé ń pè é,
pẹ́pẹ́yẹ ń sunkún sínú ìwé owó.
A ó hó, a ó súfèé, a ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀.
Bọ̀dá Pọlikáápù a mú sísọ́ọ̀sì,
a gé ìwọ̀n ìka méjì dànù, a fi gúlúù lẹ̀ ẹ́.
Ìka méjì lónìí, ìka méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.
Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé,
ọmọ náà ti ń fò láti inú ẹkún bọ́ sórí ibùsùn ìyá rẹ̀
láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.
Inú bí wa. Ẹ̀kọ́ ilé dà?

Ẹ̀gbọ́n mi Rẹ̀mílẹ́kún ló gbà wá.
Ó ní òun ti ka ìwé náà lọ́dọ̀ àwọn Sísítà,
òun mọ ohun tí wọ́n gé.
Láti ọjọ́ náà, bí àlàfo bá ti dé,
tí ògiri fún wa ní ìmọ́lẹ̀ lásán,
yóò dìde nínú òkùnkùn, ohùn rẹ̀ kò ní gbọ̀n:

"Pẹ́pẹ́yẹ, mo ń lọ.
Má kọ orúkọ mi sí gbèsè.
Òṣùpá tí mo rà, mi ò lè gbé e kọjá odi;
bá mi fi pamọ́ sínú àmù.
Bí omi àmù bá mì láìsí atẹ́gùn,
èmi ni mo ń rántí."

Gbogbo sinimá á pa lọ́lọ́.
Báṣírù aláriwo pàápàá á ṣí fìlà.

Ó di ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.
Báǹkì ló jókòó sórí ìdun wa báyìí.
Lánàá, ní Sùúrùlérè, ọmọ ọmọ mi na fóònù sí mi:
"Bàbá, wọ́n ti tún un ṣe, ó ń dán."
Àṣé pupa ni bàtà pẹ́pẹ́yẹ!
Lójú tiwa, àwọ̀ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni.
Mo dúró de ẹnu odi. Kò já.
Ọmọ náà sunkún, pẹ́pẹ́yẹ sunkún,
ọmọ náà kọrin nípa búrẹ́dì ilé ìyá rẹ̀,
ó sì lọ.
Kò dágbére.

A wá ìwé náà rí. A kà á dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn.
Kò sí àmù. Kò sí gbèsè.

Mo pe Rẹ̀mílẹ́kún ní Ìjú.
Eyín rẹ̀ ti dín, ẹ̀rín rẹ̀ ò dín:
"Ta ló ra ìwé fún mi nígbà yẹn?
Ẹ̀yin lẹ ń sunkún.
Mo ní kí n wá nǹkan fi dí i."

Kò sí àmù nílé mi; fìríìjì ni.
Mo ṣí i lóru, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun bí ògiri,
mo wo omi inú ìgò.
Kò mì.
Mo tún dúró díẹ̀ sí i.